Ọwọ́ Òsì Ló Ń Rìn

Nínú géèmù ìjà, arúgbó ni mo máa ń yàn. Kò sí géèmù ìjà tí kò ní arúgbó kan nínú. Wọ́n á fi í sí igun ìsàlẹ̀ pátápátá, lẹ́yìn àwọn géńdé tí àyà wọn fẹ̀ bí ilẹ̀kùn gáréèjì, wọ́n á fún un ní ọ̀pá àti irùngbọ̀n funfun, wọ́n á sì jẹ́ kó máa lọ́ra. Àwọn èèyàn kì í yàn án. Wọ́n rò pé ẹni tó bá ti lọ́ra ti fìdí rẹmi tán. Èmi mọ̀ pé ẹni tó lọ́ra kì í fi agbára ṣòfò. Á jẹ́ kí ọ̀tá sáré wá bá òun, á yẹra díẹ̀, á fi ọ̀pá gbá a lẹ́yìn ọrùn, á tún dúró sójú kan náà. Bí ọmọdé bá láṣọ tó ti àgbà, kò lè ní àkísà tó ti àgbà. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń gbá géèmù, mi ò sì tíì rí ìdí tí màá fi yí ọkàn mi padà.

Ayàwòrán ilé ni mí, obìnrin, ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì. Mo fi obìnrin kún un nítorí pé bí mo bá sọ fún èèyàn pé mò ń gbá géèmù, ńṣe ló máa ń wo ẹ̀yìn mi, bí ẹni pé ọmọ tó ni géèmù náà ń bọ̀ lẹ́yìn. Mi ò bímọ. Èmi ni mo ni géèmù mi.

Ilé bàbá mi ní Ìdànrè ni mo ti bẹ̀rẹ̀, ní Odòde, níbi tí òòrùn ti máa ń tètè wọ̀ nítorí àpáta. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló gba ẹ̀rọ àkọ́kọ́ lọ́wọ́ àbúrò ìyá wa tó ti Èkó dé. Ẹ̀rọ pẹlẹbẹ ni, kásẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń kì bọ̀ ọ́ lórí. Bí kò bá ṣiṣẹ́, a ó yọ kásẹ́ẹ̀tì náà, a ó fẹnu fẹ́ ẹ, a ó tún kì í bọ̀ ọ́. Kò sẹ́ni tó kọ́ wa. Mo ti bá àwọn tó dàgbà sí Kánò àti Kàlábà sọ̀rọ̀, ẹnu ni àwọn náà fi ń fẹ́ ẹ.

Hẹdimásítà ni bàbá mi nígbà náà. Ẹ̀rọ ìranù ló ń pè é. Inú kọ́bọ́ọ̀dù tó ń kó rẹ́jísítà ilé-ìwé sí ló máa ń tì í mọ́ títí sáà á fi parí, ọjọ́ tí a bá sì gba ọlidé ni yóò yọ ọ́ jáde, lẹ́yìn tó bá ti ka èsì ìdánwò wa tán. Ẹni tí èsì rẹ̀ kò bá dára kò ní fọwọ́ kàn án. Èyí ni wọ́n fi ń sọ pé mo mọ̀wé ní kékeré. Èmi ò rí ìdí mìíràn.

Nínú àwọn géèmù ìgbà yẹn, èyí tí gbogbo èèyàn ń dù ni ti ọkọ̀ òfúrufú tó ń yìnbọn. Mi ò fẹ́ràn rẹ̀ nígbà náà, mi ò sì fẹ́ràn rẹ̀ báyìí. Kò lópin. Bí o bá já ọgọ́rùn-ún lulẹ̀, ọgọ́rùn-ún mìíràn á tún yọ, ìwọ nìkan ṣoṣo lo sì máa kú níkẹyìn. Ẹ̀gbọ́n mi ní ibẹ̀ gan-an ló ti dùn. Ti ọ̀kadà ni èmi fẹ́ràn, eré ìje lójú ọ̀nà tó gba etí òkun kọjá, nítorí pé ọ̀nà náà ní ìbẹ̀rẹ̀, ó sì ní òpin. Bí èèyàn bá ṣubú, á dìde, á gbọn eruku ara rẹ̀ nù, á tún gun ọ̀kadà rẹ̀.

Nígbà tí mo wà ní girama, wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù géèmù kan sọ́nà Aládé. Géèmù bọ́ọ̀lù nìkan ni wọ́n ń gbá níbẹ̀, èmi nìkan sì ni obìnrin. Wọ́n kọ́kọ́ ń fi mí rẹ́rìn-ín, nígbà tó yá wọ́n dákẹ́. Èrò mi lórí géèmù bọ́ọ̀lù kò pọ̀. Ẹni tó bá ń yan ẹgbẹ́ tó lágbára jù lójoojúmọ́, ọ̀lẹ ni. Ẹgbẹ́ tó wà nísàlẹ̀ tábìlì ni kí èèyàn yàn, kó lè mọ̀ bóyá òun ló mọ̀ ọ́n gbá tàbí orúkọ ẹgbẹ́ ló ń bá òun gbá a. Gólí ni mo sì fẹ́ràn jù. Gólí kì í sáré kiri. Ẹ̀yìn ló ti ń wo gbogbo pápá, kò sì sẹ́ni tó ń rántí rẹ̀ àfi lọ́jọ́ tó bá ṣe àṣìṣe.

Èkó ni mo ti wá mọ àwọn géèmù onítàn gígùn, lẹ́yìn tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni akọni inú wọn máa ń jẹ́. Ó gbé idà kọ́ ẹ̀yìn, wọ́n ti pa àwọn òbí rẹ̀, ó sì ń wá ẹni tó pa wọ́n. Mo ti bá a la ìlú púpọ̀ kọjá, mo ti gba ẹ̀mí rẹ̀ là láìmọye ìgbà, síbẹ̀ mi ò fẹ́ràn rẹ̀. Láì kan ilẹ̀kùn ló máa ń wọ ilé onílé. Á rí ìkòkò, á fọ́ ọ wò bóyá nǹkan wà nínú rẹ̀. Onílé á dúró síbẹ̀, á máa wò ó, á tún sọ fún un pé ojú ọjọ́ dára lónìí. Ẹni tí mo fẹ́ràn ni alágbẹ̀dẹ. Nínú ọ̀kan lára àwọn géèmù wọ̀nyí, obìnrin ni alágbẹ̀dẹ náà. Ó sanra, apá rẹ̀ le, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sì ní lẹ́nu: irin ò tíì gbóná tó. Bí ìlú ń jó, bí ọba wàjà, ìyẹn náà ni yóò sọ. Kò bẹ ẹnikẹ́ni kó wá gba òun là. Mo máa ń yà sọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ tí mi ò ní ohunkóhun rà.

Àwọn géèmù orí fóònù, mi ò kà wọ́n mọ́ géèmù. Ohun tí wọ́n ṣe kí èèyàn lè máa fi pa àsìkò níbi tó ti ń dúró de dókítà ni.

Ẹ̀gbọ́n mi fi géèmù sílẹ̀ nígbà tó gbéyàwó. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń bi mí pé ṣé mo ṣì ń gbá nǹkan yẹn, ní ohùn tí èèyàn fi ń bi aláìsàn pé ṣé ó ṣì ń wúkọ́. Ó tó ọdún méjìlá tí mo fi gbá géèmù ní èmi nìkan. Páàdì kejì, èyí tí ẹnìkejì máa dì mú láti bá mi gbá, tó bá ẹ̀rọ mi wá, wà nínú páálí rẹ̀, mi ò tiẹ̀ tú ọ̀rá ara rẹ̀. Nígbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí, màá ní kò dùn mí.

Lẹ́yìn náà ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu bàbá mi. Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan ni. Ó ń de bọ́tìnì ẹ̀wù rẹ̀ láti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ni ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ rọ wálẹ̀. Ìyá wa ti kú tipẹ́, òun nìkan ló wà nílé, aládùúgbò ló gbọ́ nígbà tó ṣubú. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù ní Àkúrẹ́. Nígbà tó fi padà délé, ẹnu rẹ̀ tó yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ti tọ́, ẹsẹ̀ kan ń wọ́ nílẹ̀ ṣùgbọ́n ó ń gbé e rìn. Ọwọ́ ọ̀tún ni kò padà. Mo kó kọ̀ǹpútà àti géèmù mi wá sí Ìdànrè, nítorí pé àwọn ilé tí mò ń yà kò mọ ìlú tí mo ti ń yà wọ́n. Obìnrin kan ládùúgbò ń bá wa ra nǹkan ọjà. Àwa méjì la wà nílé.

Kò sí ilé Yorùbá tí wọn kì í ti í bá ọmọ wí pé kó má fi ọwọ́ òsì gba nǹkan, ṣùgbọ́n ti bàbá mi ju ti gbogbo èèyàn lọ. Lọ́dún tí mo wà ní kíláàsì rẹ̀, ọmọ tó bá fi òsì gbé ìwé fún un yóò padà síjókòó, yóò tún dìde, yóò tún rìn ín wá láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó kọ ọ́ gàdàgbà sókè pátákó pé a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Bí tíṣà kékeré kan bá fi òsì na ìwé sí i, á máa wo ọwọ́ náà títí ẹni náà á fi gbé e bọ́ sí ọ̀tún.

Ní báyìí, òsì nìkan ló kù fún un. Ìpinnu tó ṣe kò le: kò ní fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan mọ́, kò sì ní gba nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí mo bá gbé omi wá, á ní kí n gbé e kalẹ̀, á wá gbé e fúnra rẹ̀ nígbà tí mo bá ti yíjú. Kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, nítorí pé àsìkò kan wà nínú ìsìn tí wọ́n á ní kí gbogbo ìjọ bọ ara wọn lọ́wọ́. Kò gba àlejò.

"Títí ọwọ́ á fi bọ̀ sípò," ó wí.

Mo ti rí àwọn àgbà tó bẹ̀rẹ̀ báyẹn ládùúgbò wa. Wọ́n á kọ́kọ́ fi ìta sílẹ̀, wọ́n á fi pálọ̀ sílẹ̀, wọ́n á wá kù sórí bẹ́ẹ̀dì. Kì í pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn, ó sì ń bà mí lẹ́rù gidigidi. Mo fẹ́ kó jáde.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà tún kàn ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, tíṣà bíi tirẹ̀, tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́ olùkọ́ láyé àtijọ́. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì, ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ló máa ń gbé ìwé ìròyìn wá kí àwọn méjèèjì lè jọ máa wá àṣìṣe inú rẹ̀. Bí wọ́n bá ti pàdé, wọ́n á bọwọ́, wọ́n á sì ta ìka mọ́ra wọn kó dún ketekete, bíi ti àwọn ọmọ ilé-ìwé. Ìbọwọ́ yẹn ni bàbá mi kò lè fojú kò.

"Sọ fún un pé mo sùn," ó sọ fún mi.

Mo jáde lọ sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ wo fèrèsé, ó wo ojú mi. "Kò burú, ọmọ mi. Bá mi kí i tó bá jí." Ó fi ìwé ìròyìn sílẹ̀, ó lọ. Ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀lé e, ó tún wá, bàbá mi tún sùn.

Obìnrin oníṣègùn tó ń bá a na apá ní Àkúrẹ́ fún un ní bọ́ọ̀lù rọ́bà kékeré kan pé kó máa fi àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún tẹ̀ ẹ́ kí ọwọ́ náà lè lágbára. Bàbá mi wo bọ́ọ̀lù náà títí a fi délé.

"Ṣé ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ni mí ni?" Ó jù ú sábẹ́ àga. Òsì ló fi jù ú, ó sì jù ú jìnnà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, mò ń gbá ọ̀kan nínú àwọn géèmù akọni yẹn ní pálọ̀. Bàbá mi wà lórí àga rẹ̀, mo rò pé ó ń tòògbé. Akọni wọ ilé arúgbó kan, ó gba iwájú rẹ̀ kọjá, ó fọ́ ìkòkò méjì.

"Ọmọ ta nìyí?" bàbá mi béèrè.

"Akọni ni, Dádì."

"Akọni kí ni? Àgbà jókòó, kò kí i. Ilé onílé, ó ń fọ́ ìkòkò. Ta ló bí i?"

"Wọ́n ti pa àwọn òbí ẹ̀, sà."

"Ìyẹn ni kò ṣe rí ẹni kọ́ ọ. Dá a padà, kó lọ kí bàbá yẹn."

"Kò sí bọ́tìnì ìkíni, Dádì."

"Kò sí kẹ̀? Wọ́n fi bọ́tìnì ìfọ́kòkò sí i, wọn ò fi ti ìkíni sí i? Gbé e wá."

Mo gbé páàdì náà lé e lórí itan, nítorí pé mo mọ̀ pé kò ní gbà á lọ́wọ́ mi. Lára páàdì, àtàǹpàkò òsì ló ń mú èèyàn rìn, àtàǹpàkò ọ̀tún ló ń jà. Bó ṣe rí nínú gbogbo géèmù tí mo ti ń gbá nìyẹn, mi ò sì ronú sí i rí àfi ọjọ́ náà. Bàbá mi fi òsì ti igi kékeré tó yọ lára páàdì síwájú. Akọni forí sọ ògiri. Ó tún ti igi náà, akọni yí po, ó rìn gẹ́gẹ́ẹ́gẹ́ lọ síwájú arúgbó náà, ó dúró. Bàbá mi wá ń fi ìka òsì tẹ bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan wò. Akọni fò. Akọni yọ idà, bàbá mi ní "Rárá!" Ó tẹ òmíràn, akọni sì dojú bolẹ̀ gbalaja níwájú àgbà.

"Ẹ̀n-ẹ́n! Ta ló ní kò sí?"

Bọ́tìnì ìfarapamọ́ ni. Wọ́n ṣe é kí èèyàn lè dùbúlẹ̀ sínú koríko kí ọ̀tá má bàa rí i. Mo ṣàlàyé fún un, ó ti ń darí akọni lọ bá àgbà mìíràn. Láti ọjọ́ náà lọ, akọni bàbá mi kò kọjá níwájú àgbà kankan láì dọ̀bálẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ọba, ó dọ̀bálẹ̀ fún onígbàjámọ̀, ó dọ̀bálẹ̀ fún olórí ọlọ́ṣà tí irun rẹ̀ funfun, olórí ọlọ́ṣà sì bẹ́ ẹ lórí níbi tó dọ̀bálẹ̀ sí. Bàbá mi ní ìtìjú olórí ọlọ́ṣà nìyẹn, kì í ṣe ti òun. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ obìnrin yẹn, ó dúró wò ó pẹ́, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.

"Arábìnrin yìí mọṣẹ́," ó wí.

Inú mi dùn débi pé mo ní láti lọ sí kíṣìnì.

Mo tú ọ̀rá ara páàdì kejì. Lójoojúmọ́, bí mo bá ti ṣíwọ́ iṣẹ́, a ó jókòó. Bàbá mi ní èrò tirẹ̀ lórí gbogbo nǹkan, kò sì fi tèmi pè. Ó kọ arúgbó mi nínú géèmù ìjà. Ó ní àgbà tó ń gbé ọ̀pá lé ọmọdé lójúde kò níyì. Obìnrin kan tó máa ń tẹríba fún ọ̀tá kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀ ni òun yàn, ìyà tí obìnrin náà sì fi jẹ mí lẹ́yìn ìtẹríba kò kéré. Ó ní géèmù bọ́ọ̀lù ń pariwo jù. Ó ní òkè inú géèmù kì í ṣe òkè. Orí Òkè Ìdànrè ni wọ́n bí ìyá rẹ̀ sí, nígbà tí ìlú ṣì wà lókè. Lọ́jọ́ tí akọni gun àpáta kan tán, tí mo ní kó wo bí gbogbo ayé ṣe tẹ́ rẹrẹ, bàbá mi mú akọni rìn yí orí òkè náà po, ó ń wá nǹkan.

"Kò sẹ́ni tó gbébí rí," ó wí. "Kò sójú àrò, kò síbi tí wọ́n ti ń pọn omi. Àwòrán lásán ni."

Mi ò lè jà á níyàn. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti rí òkè nínú géèmù, ojú àrò ni mo máa ń kọ́kọ́ wá.

Níwọ̀n bí ọ̀tún ti jẹ́ oníjà lára páàdì, ó di dandan kó máa gbé ọ̀tún rẹ̀. Ó máa ń fi òsì gbé e lé páàdì lórí, á wá máa wo àtàǹpàkò náà bí ìgbà tó ń dúró de ọmọ tó yẹ kó dìde ka ìwé. Nínú oṣù kejì, àtàǹpàkò náà tẹ bọ́tìnì kan. Ó tún un tẹ̀. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Ọ̀tún á padà, á bọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́, á lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, nǹkan á sì padà sí bó ṣe wà.

Ibẹ̀ ni ọ̀tún náà dúró sí. Bọ́tìnì kan náà ló ń tẹ̀ nínú oṣù kẹta àti oṣù kẹrin. Nígbà tí a padà lọ sí Àkúrẹ́, obìnrin oníṣègùn náà na apá rẹ̀ sókè, ó na án sísàlẹ̀, ó wá jókòó tì í.

"Ohun tó máa padà ti padà, sà," ó ní. "Èyí tó kù, ẹ jẹ́ kí òsì máa bá yín ṣe é. Kò sóhun tó ní kẹ́ ẹ máa jókòó sílé."

Bàbá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú ọkọ̀ bí a ti ń bọ̀, ó ń wo ọ̀tún rẹ̀ lórí itan títí àpáta fi yọ lọ́ọ̀ọ́kán. Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ nígbà náà. Ó yẹ kí n ní, "Dádì, ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n sọ, ẹ jẹ́ ká yà kí ọ̀rẹ́ yín." Mo mọ̀ pé tí mo bá sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn, bóyá yóò gbà. Ohun tí mo sọ ni pé, "Ṣé ìjà la ó gbá nírọ̀lẹ́ ni, àbí ọ̀kadà?"

Ó ní ọ̀kadà.

Ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀lé e, ọ̀rẹ́ rẹ̀ dé. Bàbá mi kò rán mi níṣẹ́ kankan. Ó ń gun ọ̀kadà lọ́wọ́ nínú tẹlifíṣọ̀n, ariwo rẹ̀ kò tilẹ̀ jẹ́ kó gbọ́ pé ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Mo jáde.

"Ẹ kú ìrìn, sà. Wọ́n ń sùn."

Bó ṣe bọ́ lẹ́nu mi nìyẹn. Mo gba ìwé ìròyìn, mo wọlé, mo gbé páàdì mi. Ọjọ́ Ẹtì mẹ́rin léra ni mo ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tí mo lè di ẹrù ẹ̀bi náà rù. Èmi tí mo fi ọdún méjìlá gbá géèmù ní èmi nìkan ti wá rí ẹni tó mọ ìdí tí alágbẹ̀dẹ fi dára ju akọni lọ. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mú un kúrò lọ́dọ̀ mi, kódà fún wákàtí méjì. Mò ń gbàdúrà láàárọ̀ kí bàbá mi jáde, tó bá dìrọ̀lẹ́, èmi ni mò ń dí ẹnu ọ̀nà.

Ní ọjọ́ Ẹtì karùn-ún, ọyẹ́ ń fẹ́. Bí mo ti ń ṣílẹ̀kùn ni wọ́n mú iná lọ, ilé sì pa rọ́rọ́. Mo ní kí ọ̀rẹ́ bàbá mi kú ìrìn, mo ní wọ́n ń sùn. Kò na ìwé ìròyìn sí mi bó ti máa ń ṣe. Ó fi í mọ́yà.

"Ọmọ mi," ó ní, "tó bá jẹ́ pé mo ṣẹ bàbá rẹ ni, sọ fún mi. Mo ti rò ó títí, mi ò rí i. Àbí ti gírámà tí mo bá a fà lọ́jọ́sí ni? Bó bá jẹ́ òun ni, òun ló jàre. Mo wá bẹ̀ ẹ́ ni."

Mo ń wá irọ́ tí màá tún pa ni mo gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn mi. Bàbá mi dúró sẹ́nu ọ̀nà. Èmi ló kọ́kọ́ wò.

"Ta ló ń sùn?"

Kò dúró gbọ́ èsì. Ó na ọwọ́ òsì sí ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Má bínú," ó ní. "Òsì ni. Ọ̀tún ti lọ."

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ wo ọwọ́ náà. Ó gbé ìwé ìròyìn sábẹ́ abíyá ọ̀tún, ó sì fi òsì tirẹ̀ bọ̀ ọ́. Wọ́n fẹ́ ta ìka, kò dún. Wọ́n tún un ta, kò dún.

"Ìwọ náà ò mọ̀ ọ́n fòsì ta," bàbá mi wí.

"Ta ló kọ́ mi?" ọ̀rẹ́ rẹ̀ dáhùn.

Wọ́n sọ̀kalẹ̀ lọ sójú títì pẹ̀lú bàtà ilé tí bàbá mi wọ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń rọra dúró dè é. Ẹnìkan kí wọn láti òdìkejì títì, bàbá mi sì fi òsì jùwọ́. Oṣù mẹ́sàn-án ni mo fi ń bẹ Ọlọ́run pé kó jáde. Ó jáde lójú mi, ó sì dùn mí. Mo jókòó ní pálọ̀ níwájú tẹlifíṣọ̀n tí kò tàn, mi ò ṣe nǹkan kan.

Òòrùn ti bọ́ sẹ́yìn àpáta kó tó padà dé. Ó ti rẹ̀ ẹ́, eruku ọyẹ́ wà lórí rẹ̀, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ má bínú, Dádì. Èmi ni mò ń lé wọn padà. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún."

Mo rò pé yóò bínú. Ó wá ibi jókòó, ó sinmi díẹ̀, ó wò mí láti òkè délẹ̀ bí ìgbà tó ń ka èsì ìdánwò.

"Èmi, ọwọ́ ni kò jẹ́ kí n jáde," ó ní. "Ìwọ tí ọwọ́ rẹ pé méjèèjì, kí ni kò jẹ́ kí ìwọ jáde?"

Orí ìkúnlẹ̀ ni mo ṣì wà nígbà tí wọ́n mú iná dé.